Ọmọ Ọlọ́mọ ní Fairbanks: Ìtàn Ẹgbẹ́ Goldpanners

Ní ìlú Fairbanks, ní ìpínlẹ̀ Alaska ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, alẹ́ kan wà lọ́dọọdún tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ojúmọ́ máa ń wà fún wákàtí tó sún mọ́ 22. Aago mẹ́wàá alẹ́ á lù, àwọn ọmọdé á ṣì máa sáré kiri níta bí ẹni pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Alẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kóra jọ sí pápá ìṣeré Growden Memorial Park láti wo eré bésíbọ́ọ̀lù kan. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aago méjìlá òru á sì kọjá kó tó parí. Wọn kì í tan iná mànàmáná sí i. Oòrùn nìkan ni àtùpà wọn.

Ẹgbẹ́ tó ń gbàlejò eré náà ni wọ́n ń pè ní Alaska Goldpanners. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré fún un kì í ṣe ọmọ Fairbanks, wọn kì í sì í gba owó fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá lo nǹkan bí oṣù méjì, tí wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó mú wa kọ ìtàn yìí ni pé láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ti rí àwọn kan tí gbogbo Amẹ́ríkà wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Kí wọ́n tó di ẹni ńlá, inú ilé àwọn ará Fairbanks ni wọ́n ti sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jẹun.

Irú eré wo ni?

Ẹni tó bá ti ṣe eré ráúńdà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ ìdajì bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré tó le, ẹlòmíràn láti inú ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a. Bó bá gbá a dáadáa, á sáré yí ibùdó mẹ́rin po títí á fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. "Ilé" ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ibùdó ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá délé ló jẹ àmì ayò fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, eré àwọn yunifásítì máa ń parí ní nǹkan bí oṣù Kẹfà. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ̀ síwájú á wá ẹgbẹ́ ìgbà ooru tí wọ́n á máa ṣeré fún. Ìlú kéékèèké ló sábà máa ń ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ náà kì í gba owó iṣẹ́, torí pé òfin eré yunifásítì kò gbà kí ẹni tó ti di òṣìṣẹ́ nídìí eré náà tún máa ṣe é fún ilé ẹ̀kọ́. Igi gidi ni wọ́n sábà máa ń lò nígbà ooru, nígbà tó jẹ́ pé onírin ni wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́. Igi kì í bo àṣírí ẹni. Àwọn tó ń wá ọmọ tuntun fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá mọ èyí, wọ́n sì máa ń jókòó sẹ́bàá pápá, tìwé tìwé lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́. Nítorí náà, oṣù méjì yìí lè tún ayé ọmọ kan ṣe, ó sì lè fi hàn án pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Láti ìgbà àwọn awawúrà

Wúrà ló dá Fairbanks sílẹ̀. Ní ọdún 1902, ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Felix Pedro rí wúrà nítòsí ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ya lọ síbẹ̀ bí omi. Ní ọdún 1906, wọ́n ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù òru àkọ́kọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ilé ọtí méjì ló ta tẹ́tẹ́ lé e. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é.

Alaska kò di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà títí di ọdún 1959. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1960, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ H. A. Boucher, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Red Boucher, dá ẹgbẹ́ Goldpanners sílẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí, ó sì ní ilé ìtajà ohun èlò eré ìdárayá ní Fairbanks. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà túmọ̀ sí àwọn tó ń fi abọ́ ṣan iyanrìn odò kí wọ́n lè rí wúrà inú rẹ̀. Orúkọ náà bá iṣẹ́ wọn mu. Boucher fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà, òun náà ló sì ń kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ yunifásítì pé kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́.

Nǹkan bí 13,000 ènìyàn péré ló ń gbé Fairbanks nígbà náà. Ní ìgbà òtútù, ojúmọ́ ibẹ̀ kì í pé wákàtí mẹ́rin, òtútù rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ wo bó ti máa rí lára òbí kan ní California, níbi tí oòrùn ti ń ràn yípo ọdún, nígbà tí wọ́n bá ní kó fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí irú ibẹ̀.

Orúkọ tó wà lára pápá náà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1964, ilẹ̀ mì tìtì ní Alaska. Nínú gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n tíì wọ̀n láyé, ọ̀kan ṣoṣo ló tíì ju u lọ. Ní ìlú Valdez tó wà létí òkun, omi gbé èbúté lọ pẹ̀lú àwọn tó dúró lórí rẹ̀. James Growden wà lára àwọn tó kú níbẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Fairbanks kó tó kó lọ sí Valdez. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì bá a lọ.

Àwọn ará Fairbanks fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré wọn. Títí di òní olónìí, orúkọ bàbá tó bá àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀run ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń rí lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé lọ ṣeré.

Ọmọ kan láti Fresno

Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Tom Seaver wá láti Fresno, ní California. Kò tíì lórúkọ rárá. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan nílùú rẹ̀ ló ti ń ṣeré, ó sì fẹ́ wọ Yunifásítì Southern California, ṣùgbọ́n Rod Dedeaux tó jẹ́ olùkọ́ bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò tíì dá a lójú. Dedeaux ní kó kọ́kọ́ lọ sí Fairbanks. Bó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà á san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Seaver lọ. Ajubọ́ọ̀lù ni, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti máa gbá a. Síbẹ̀, ní ìdíje gbogbogbòò tí wọ́n ń ṣe ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ó gba igi, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kan jáde kúrò nínú pápá nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ wà ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló délé. Ó rí owó ẹ̀kọ́ náà gbà, ó sì tún padà sí Fairbanks ní ọdún 1965. Ní ọdún 1969 òun ni olórí ajubọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ New York Mets tó gba ife-ẹ̀yẹ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ìgbà 311 ló jáwé olúborí nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù ní ọdún 1992. Ó di olóògbé ní ọdún 2020.

Seaver kọ́ ni ẹnì kan ṣoṣo. Dave Winfield gba ibẹ̀ kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òun náà wọ ilé ìrántí yẹn. Barry Bonds, tó gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú pápá nígbà 762, ṣeré níbẹ̀ ní ọdún 1983. Àwọn tó ti Goldpanners dé líìgì tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà ti lé ní 200. Ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ Wichita ní 1972, 1973, 1974, 1976, 1980 àti 2002.

Àwọn tó ń gbà wọ́n sílé

Ìdílé àwọn ará ìlú ló ń gba àwọn ọmọ náà sílé. Ìyá àti bàbá á fún ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí ní yàrá, á jókòó ti àwọn ọmọ wọn nídìí oúnjẹ, á sì kọ́ bí a ṣe ń fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí oorun tó lè kunni nílùú tí ilẹ̀ kì í ṣú. Wọn kì í gbowó ilé. Ní ìparí oṣù Keje tàbí nínú oṣù Kẹjọ, ọmọ náà á di ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní di olókìkí. Ìdílé tó gbà á kò lè mọ̀ ṣáájú bóyá Seaver ni wọ́n gbà ni tàbí ọmọ tó máa lọ di olùkọ́ tàbí oníṣòwò. Bákan náà ni wọ́n ń bọ́ gbogbo wọn.

Ìnira kì í ṣe aláìsí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, odò Chena kún, ó ya wọ inú ìlú, ó sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé. Red Boucher, tó ti di olórí ìlú náà ní ọdún 1966, ló wà lórí àléfà nígbà tí omíyalé náà dé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣeré wọn. Títí dòní, Fairbanks kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yòókù wà ní agbègbè Anchorage, tó tó kìlómítà 580 sí i. Lẹ́yìn sáà 2015, Goldpanners jáde kúrò nínú líìgì Alaska, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlejò tí wọ́n á máa bá ṣeré fúnra wọn. Ẹgbẹ́ tí kò ní olówó ńlá lẹ́yìn, tí owó ìwọlé àti ọrẹ àwọn ará ìlú ń gbé ró, ọdọọdún ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹni tó padà wá

Ní ọdún 1967 yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Lee ló ju bọ́ọ̀lù fún Goldpanners ní eré òru olóòrùn, ó sì borí. Ó lọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú ẹgbẹ́ Boston Red Sox. Ní ọdún 2008, lẹ́yìn ọdún 41, ó padà wá sí Growden Park. Ó ti di ẹni ọdún 61. Wọ́n tún fún un ní bọ́ọ̀lù ní alẹ́ yẹn kan náà, ó jù ú, ó sì tún borí.

Bí aago méjìlá òru bá kù díẹ̀, wọ́n máa ń dá eré náà dúró, gbogbo èrò á dìde, wọ́n á sì kọ orin àsíá ìpínlẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń kọrin níbẹ̀ lè ka orúkọ àwọn ọmọ tó ti gba ilé wọn kọjá.

Àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi ìlú wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Mélòó nínú àwọn agùnbánirọ̀ ni a ti gbà sílé ní Jos, ní Kaduna, tàbí ní Calabar, tí a bù oúnjẹ fún, tí a sì sin dé gáréèjì lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ? Mélòó nínú àwọn ọmọ tiwa náà ló wà nílé ẹni tí a kò mọ̀ rí? Bí ọ̀kan nínú wọn bá pè lórí fóònù ní ọdún mẹ́wàá sí i, tó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà, ṣé ẹ rántí mi?", kì í ṣe dandan kó ti di olókìkí kí inú wa tó dùn. Ó rántí ilé tó ti jẹun. Ìyẹn náà tó.