Ariwo Ẹ́ńjìnnì li Òwúrọ̀: Bí A Ti Ń Mọ Tẹ́ńṣọ̀nà Ṣéènì Tí Ó Ti Gbó, àti Bí A Ti Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Ní Ẹ́sítéètì Jakande tí ó wà ní Ilasan, lára ilé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 títí dé 1983, mọ́tò tòkunbọ̀ pọ̀, pàápàá Corolla àti Camry tí Toyota ṣe. Bí ẹni tí ó ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ṣí i li òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà mìíràn a óò gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ariwo náà a sì dákẹ́. Nítorí pé ó tètè dákẹ́, ọ̀pọ̀ kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa á tì lè pàdánù odindi ẹ́ńjìnnì li ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí a tó mọ ohun tí ń pariwo, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ ṣéènì. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni kíránkì wà, tí àwọn písítìn ń yí. Lókè ni àwọn ọ̀pá wà tí ń ṣí fáàfù tí wọ́n sì ń pa á dé. Nígbà tí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀pá òkè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré, kò gbọdọ̀ yá, kò gbọdọ̀ pẹ́. Ṣéènì irin li ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ṣéènì a máa dẹ̀ bí ó ti ń pẹ́, òun a sì fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn kí ó lè le. Nínú ẹ́ńjìnnì kò sí ọwọ́ ènìyàn tí yóò ṣe èyí. Tẹ́ńṣọ̀nà ni ọwọ́ náà.

Tẹ́ńṣọ̀nà jẹ́ irin kékeré tí ọ̀pá kan ń yọ jáde láti inú rẹ̀. Sípíríǹgì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì li ó ń ti ọ̀pá náà, òun náà a sì ti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣéènì ń gbà kọjá. Ó ní eyín wẹ́wẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá náà padà sẹ́yìn. Bí mọ́tò bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì a ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Bí eyín wọ̀nyí bá ti jẹ, tàbí tí sípíríǹgì ti rọ, ṣéènì a máa gbá ara káàkiri títí ọ́ìlì yóò fi dé.

Ohun tí ó ń pa tẹ́ńṣọ̀nà jù ni ọ́ìlì tí ó dọ̀tí, tàbí tí kò tó. Ẹni tí ń gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kí ó ṣọ́ra nínú èyí: nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹsẹ̀ mọ́tò dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kí ó má ṣe ka kìlómítà nìkan láti mọ ìgbà tí yóò pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí ó ka oṣù pẹ̀lú.

Láti rí àrùn náà, kí a kọ́kọ́ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, kí a wò bí ọ́ìlì bá tó. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ìdérí ṣéènì, kí a fi etí ti ìdí rẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣí mọ́tò. Bí ariwo bá ti ibẹ̀ wá, ṣéènì ni. Bẹ́líìtì ìta yàtọ̀: igbe ni òun máa ń ké. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì kọ P0016, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kíránkì àti ọ̀pá òkè kò rìn pọ̀ mọ́.

Nínú Corolla tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1998 dé 2008, ìta ẹ́ńjìnnì ni tẹ́ńṣọ̀nà wà, nọ́ọ̀tì méjì li ó sì dì í mú. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Yọ orí bátìrì. Fi sípánà yí kíránkì sí ọwọ́ ọ̀tún títí písítìn kìíní yóò fi dé òkè, tí àmì rẹ̀ yóò sì bọ́ sí òdo. Tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, kí o sì fa tẹ́ńṣọ̀nà jáde. Láti ìgbà náà lọ, má ṣe yí ẹ́ńjìnnì rárá, má sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, nítorí ṣéènì lè fo eyín.

Fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá tẹ́ńṣọ̀nà àtijọ́. Bí ó bá wọlé láìjẹ́ pé a gbé ìdènà eyín rẹ̀ sókè, ó ti kú. Bí ọ̀pá náà bá ti yọ jáde dé òpin, ṣéènì fúnra rẹ̀ ti gùn. Tẹ́ńṣọ̀nà titun nìkan kò ní wò ó sàn. Mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà Ladipo ní Mushin, kí o fi wé èyí tí o ń rà, má sì ra àlòkù.

Fi ọ́ìlì pa òrùka rọ́bà titun rẹ̀. Gbé ìdènà eyín sókè, ti ọ̀pá wọlé, kí o sì fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Dè é mọ́ àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n 9 N·m, èyí tí kò le púpọ̀. Nígbà náà yí kíránkì díẹ̀ sí òsì kí ìkọ́ náà lè já, kí o sì yí i sí ọ̀tún kí ọ̀pá lè ti pátákó. Fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀méjì yípo. Bí ó bá le, dúró. Má ṣe fi agbára ṣe é. Bí kò bá le, dá orí bátìrì padà, kí o sì ṣí mọ́tò.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, abẹ́ ìdérí ni tẹ́ńṣọ̀nà wà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n ni èyí. Kékeré li a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣéènì tí ó bá fo eyín lójú títì lè mú kí fáàfù pàdé písítìn. Ẹ́ńjìnnì a kú lójijì láàárín ọkọ̀ tí ń sáré, pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀, iṣẹ́ oòjọ́ awakọ̀ a sì dúró. Nítorí náà, kí olúkúlùkù tí ó ní mọ́tò pa rédíò rẹ̀ li òwúrọ̀, kí ó sì fi etí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó tó jáde.