Bí Rọ́bà Bá Ń Yún Yín Lára, Ẹ Sọ Fún Nọ́ọ̀sì Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Dé

Ẹ̀yin ìyá ọjà Ọ̀wẹnà! Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, ọ̀rọ̀ aboyún ni.

Ọmọ mi obìnrin, ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lòun náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún un. Lọ́jọ́ ọdún ọmọ rẹ̀ ó fẹ́ bàlúùnù, kí á tó jẹ ráìsì tán, ètè rẹ̀ ti wú bí ẹni tí agbọ́n ta. Bó bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fọ ata, ọwọ́ á máa yún un. Ìgbà tó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, píà náà ń yún un lọ́fun. Àwa tí à ń ta píà! Mo ní kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹn kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó ṣàlàyé fún wa. Oje igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn lápá Odígbó, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ dókítà àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀. Ara ẹlòmíràn kì í gbà á. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́pọ̀ ìgbà ló tètè máa ń ní i. Ohun kan wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, píà àti ìbẹ́pẹ tó jọ ti inú oje yẹn, ìyẹn ló ń fa ti ọ̀fun. (Ẹni tí kò bá yún, kó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ o, ẹ má ba ọjà mi jẹ́.)

Ibi tó ti le ni yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ dókítà wà nínú ikùn, ìbọ̀wọ́ ń kan ẹran ara. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀: èémí á há, ìfúnpá á já wálẹ̀. Aṣọ ti bo ara, wọn ò tètè rí i pé ó ti lé ròrò. Wọ́n lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ló dà jù, tàbí abẹ́rẹ́ ni kò bá a lára mu. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, abẹ́rẹ́ adrenaline ni wọ́n ń fún un.

Pọ́dà inú ìbọ̀wọ́ tún ń gbé e fò nínú afẹ́fẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de ìbọ̀wọ́ oníṣègùn tó ní pọ́dà.

Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì. Wọ́n ní ká wá ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní nitrile, kò sí oje igi nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lákòókò o, torí wọ́n lè má ní in nílẹ̀. Kí ẹni tó máa tẹ̀ lé yín náà mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó ń rọbí kò ráyè àlàyé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kò yún un, kò wú. Ọmọ ọ̀hún ti ń rákò báyìí, òun ló ń da ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi rú.