NÍPA ÀÁRẸ̀ ỌKÀN TÍ ÀWỌN ARÁ ILÉ KÒ MỌ̀



Bí ibà bá mú ènìyàn, kò sí ẹni tí í bi í léèrè ìdí tí ó fi dùbúlẹ̀. Ìyá a gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ẹ̀gbọ́n a wá oògùn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ọkàn ni ó ń ṣàárẹ̀, ọ̀rọ̀ a yàtọ̀. Wọn a ní, "Ọ̀lẹ ni," tàbí, "Kí ni o ṣe aláìní?" Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti bá àwọn ará ilé rẹ̀ gbé? Èyí ni a fẹ́ sọ lónìí.

Gbogbo ènìyàn ni ìbànújẹ́ ń bá. Ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wà lára ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun kọ̀, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tí í máa dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, àìsàn ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ti àníyàn ni pé àyà a máa lù kìkì, ìfòyà a sì dé láìsí ohun tí ojú rí. Èyí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Wòlíì Èlíjà pàápàá jókòó lábẹ́ igi, ó tọrọ ikú. Oorun àti oúnjẹ ni a kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe ìbáwí.

Kí ni kò jẹ́ kí ará ilé mọ̀? Èkíní, àìsàn yìí kò ní egbò. Èkejì, ara ni aláìsàn sábà ń fi sọ ọ́: "Orí mi ń gbóná," "Nǹkan ń rìn lára mi"; wọn a sì rò pé ibà ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń bẹ̀rù orúkọ náà, wèrè. Nígbà mìíràn, ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ìwọ tí ó ń ṣe, má ṣe dúró dìgbà tí gbogbo ilé bá gbà ọ́ gbọ́. Wá ẹnìkan ṣoṣo tí í máa fetí sílẹ̀. Má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ kan ni kí o bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sùn láti òru mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn lọ́la." Ohun tí wọn kò gbà lẹ́nu ọmọ, wọn a máa gbà á lẹ́nu dókítà. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀ tí ó dùn ọ́, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n má ṣe torí rẹ̀ da oògùn rẹ nù. Bí èrò ikú bá sì wọ ọkàn rẹ, má ṣe dá wà. Sọ fún ẹnìkan, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rántí Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Aláìsàn kò dá wá. Ìbátan rẹ̀ kan ní láti bá a wá, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Dókítà náà mọ̀ pé ẹbí wà nínú ìwòsàn. Ìbátan wọ̀nyí kì í ṣe oníṣègùn. Wọ́n kàn dúró tì í ni. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ ohun tí ń ṣe ọmọ yín, ẹ lè dúró tì í.