Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Wọ Wi-Fi

Ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òkukù. Ìkìrun àti Ìnísà kò jìnnà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbé ní èyíkéyìí nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àti owó sísan wà lóde òní. Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ń lo Linux bá wá kọ̀ tí kò wọ Wi-Fi ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ọ̀ràn náà kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Nínú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ti máa ń yọ títì tí ó wà lára Wi-Fi kúrò pátápátá. Àṣìṣe ńlá ni.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ a pa àrokò. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ojú kojú ń sọ ti ìrẹ́pọ̀. Èyí tí a so ní ẹ̀yìn kẹ́yìn ń sọ ti ìjà. Ẹni tí kò mọ àṣírí rẹ̀ lè rí i lọ́wọ́ ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni Wi-Fi tí a tì rí. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà láàrin kọ̀ǹpútà àti ráútà, ẹni tí ó bá sì wà nítòsí lè gbá a mú. Ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí à ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ni a fi ń sọ ọ́ di àdìtú. WEP tí a kọ́kọ́ fi ń tì í ti di ohun ìkọ̀sílẹ̀: láti ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé a lè já a. WPA2 ti ọdún 2004 àti WPA3 ti ọdún 2018 ni ó yẹ kí a máa lò.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá wọlé, ó sábà máa ń ní kí a tún ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ìwọlé lè má jẹ̀bi rárá. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ṣé kọ̀ǹpútà náà ní ohun tí ń gba Wi-Fi? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní in, àfi kí a ki ọ̀kan bọ ojú USB. Bí a bá tẹ àṣẹ nmcli device, tí ìlà tí a kọ wifi sí kò sì jáde, bóyá kò sí níbẹ̀, bóyá Linux kò ní ètò tí yóò darí rẹ̀. Èkejì, ṣé a kò pa á? Àṣẹ rfkill list yóò sọ. Àṣẹ rfkill unblock wifi yóò ṣí i, àyàfi bí ó bá jẹ́ bọ́tìnì ara ẹ̀rọ ni a fi pa á. Ẹ̀kẹta, ṣé orúkọ Wi-Fi náà hàn nínú nmcli device wifi list? Bí kò bá hàn, ráútà lè jìnnà, ó sì lè jẹ́ pé 5 GHz ni ráútà ń lò nígbà tí ti kọ̀ǹpútà mọ kìkì 2.4 GHz.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Òdo yàtọ̀ sí lẹ́tà O. Bí ẹni tí ó ni Wi-Fi bá ti yí ọ̀rọ̀ náà padà, ti àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbé lọ. Kí a fi nmcli connection delete àti orúkọ Wi-Fi náà pa á rẹ́, kí a tún un tẹ̀.

Níbi tí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń béèrè orúkọ oníkálukú, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà yẹ ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ náà wò kí ó tó jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ìwé-ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà bá ti kú, tí iná sì lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ lè padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò wá ka ìwé-ẹ̀rí tòótọ́ sí ayédèrú. Àwọn kan a ní kí ó má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ọjọ́ ni kí wọ́n tún ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó bá gbé ráútà ayédèrú kalẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há, kọ́kọ́rọ́ ni à ń tún ṣe. A kì í tìtorí rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn sọnù.