Ọ̀rọ̀ Ẹnìkan Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Kí ìjọ Rìdíìmù tó gba ilẹ̀ Redemption Camp lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní 1983, iṣẹ́ ògbufọ̀ ti mọ́ wọn lára. Josiah Akíndáyọ̀mí, tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1952, kò mọ̀wé kà. Yorùbá ló fi ń wàásù, Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1973, a sì máa sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1981, ògbufọ̀ yìí di alábòójútó àgbà.

Ẹni tó bá ti wo ògbufọ̀ dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀ pé etí nìkan kọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Èjìká oníwàásù ló ń ṣọ́: tó bá ti mí kanlẹ̀, gbólóhùn parí, ó kàn án. Bí ọ̀gá bá pariwo, òun náà á pariwo. Bó bá nawọ́ sókè, tirẹ̀ á lọ sókè. Èyí tó bá ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìfilọ̀, kò ní pẹ́ tí ìjọ á fi máa tòògbé. Ìjọ náà sì ń fèsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni "Àmín" máa ń dún, ti àwọn tó gbọ́ èdè àkọ́kọ́ àti ti àwọn tó dúró de ìkejì. Oníwàásù tó gbọ́n kì í já ìkejì gbà mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ wá wo Nuremberg ní Jámánì, ní oṣù Kọkànlá 1945, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àwọn ìjòyè Hitler. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Rọ́ṣíà àti ti Jámánì ni wọ́n ń sọ ní kóòtù. Bí wọ́n bá ṣe é bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á jáde. Ta ló máa rójú ìparí ẹjọ́ náà? Wọ́n kó ògbufọ̀ sẹ́yìn gíláàsì, gbogbo èèyàn ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí, ògbufọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́jọ́ ṣe ń rojọ́ lọ.

Kò sí ìmíkanlẹ̀ tí wọ́n á máa ṣọ́ mọ́. Iná ni wọ́n fi dípò rẹ̀: bí aláwọ̀ ìyeyè bá tàn, kí olùsọ̀rọ̀ rọra, bó bá jẹ́ pupa, kó dákẹ́. Èdè Jámánì tún le, torí ọ̀rọ̀ ìṣe sábà máa ń gbẹ̀yìn. Ògbufọ̀ á ti gbọ́ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é àtìgbà tó ṣe é, kó tó mọ ohun tó ṣe. Lójú tèmi, ohùn ló ṣàjèjì jù. Àwọn obìnrin wà lára ògbufọ̀, èèyàn sì lè máa wo ẹnu ọ̀gágun tó ń mì, kó jẹ́ ohùn ọ̀dọ́bìnrin ni yóò máa gbọ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gba ètò yìí lẹ́yìn náà. Títí dòní, bí ohùn tilẹ̀ ń wọlé kedere, àwọn ògbufọ̀ inú yàrá gíláàsì ṣì máa ń fẹ́ ibi tí wọ́n á ti rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.