Káńfọ̀ àti ọmọ tuntun: Bí àyẹ̀wò G6PD ṣe ń tú àṣírí inú ẹ̀jẹ̀

Káńfọ̀ kì í wọ́n lọ́jà Dùgbẹ̀ àti Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń jù ú sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tuntun kan wà tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ibà pọ́njú sì mú wọn. Bí ìyẹn bá le jù, ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́, ó sì lè pa ọmọ.

Ohun tó fà á ni purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, èyí tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọkùnrin Yorùbá 5, ó tó bí ẹnì kan tí tirẹ̀ kò tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àbùkù yìí.

Ojú lásán kò lè rí purotéènì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mọ́ kẹ́míkà sodium nitrite, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú bíi kọfí. Wọ́n á wá fi aró methylene blue sí i, wọ́n á gbé e sínú ooru tó tó ti ara èèyàn fún wákàtí 3. Bí G6PD bá pé, ẹ̀jẹ̀ náà á tún padà pupa. Bí kò bá tó, bó ṣe ṣú náà ni yóò wà. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti po mọ́ èròjà àyẹ̀wò sórí bébà, kí wọ́n sì tan iná ultraviolet sí i: èyí tó pé á máa tàn, èyí tí kò tó á ṣókùnkùn.

Lọ́dún 1969, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Usanga àti Reddy, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe wò, àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjèèjì lára. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé fi ìlọ́po 2 sí 80 ju ti èyí tí kò pé lọ. Ìdí nìyẹn tí àbùkù náà fi wọ́pọ̀ níbi tí ibà gbé ń jà: bó ṣe ń ṣeni ní jàǹbá lápá kan, bẹ́ẹ̀ ló ń gbani lápá kejì.

Àyẹ̀wò yìí lè tanni jẹ o. Bí wọ́n bá ṣe é ní kété tí ẹ̀jẹ̀ fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà ti kú lọ, àwọn tuntun tí G6PD wọn ṣì pọ̀ díẹ̀ ló kù, èsì lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ìkókó. Bí ẹyinjú ọmọ bá sì ń pọ́n, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.