Mímú Àkókò Dọ́gba Nínú Àkọsílẹ̀ Àjọlò

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí bí ó ti yẹ kí á máa kọ àkókò sínú dátábéèsì, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ṣèèṣì kọ máàkì 38 fún ọmọ tí ó gba 83. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lomé ṣe àtúnṣe. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Tógò, nítorí náà aago mẹ́sàn-án géérégé ni ẹni ti Lomé kọ. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí àkókò rẹ̀ kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà ń gbà, 38 ni yóò mú. Báyìí ni ọmọ tí ó yege yóò ṣe di ẹni tí ó fìdí rẹmi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Aago àgbáyé kan wà tí à ń pè ní UTC. Ti Tógò bá a dọ́gba. Ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀, UTC ni kí á fi pa á mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kà á, kí kọ̀ǹpútà yí i sí aago ìlú rẹ̀.

Ti Lọ́ńdọ̀nù tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọn a sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọn a dá a padà. Ní òru ìdápadà yìí, aago kan ààbọ̀ ń lù lẹ́ẹ̀mejì. UTC ni yóò jẹ́ kí á mọ ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kò tíì ṣe ní ìlànà tirẹ̀. Bí kíláàsì Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago márùn-ún ni yóò jẹ́ ní Ìbàdàn nígbà òtútù, aago mẹ́rin nígbà ooru. Nítorí náà, aago ìlú náà àti orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n, Europe/London, ni kí á pa mọ́. Ìjọba pàápàá lè yí òfin padà: ní 2019, Bràsíl fòpin sí sísún aago síwájú.

Ní àkótán, UTC ni fún ohun tí ó ti kọjá. Aago ìlú pẹ̀lú orúkọ ìlú ni fún ohun tí ń bọ̀. Kí gbogbo wa fẹnu kò sí èyí kí a tó kọ máàkì àkọ́kọ́ sílẹ̀.